Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì mẹ́ta ti màmá mi: mo fi iná LED sí i, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò

Ọmọ_Aláró (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun), Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n yín ni mo wá yá.

Màmá mi ní tọ́ọ̀ṣì onírin kan, irú èyí tó máa ń gba bátìrì ńlá mẹ́ta yẹn. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó bí mi. Aláró ni màmá, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n máa ń wà láti bí aago mẹ́rin ìdájí, kí oòrùn tó mú. Tọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n fi ń wo inú ìkòkò, òun náà ni wọ́n fi ń wo aṣọ tí wọ́n bá fà á jáde. Ó ti já sínú aró rí. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n sá a sóòrùn, ó tàn. Ìdí rẹ̀ ṣì dúdú di òní.

Oṣù tó kọjá ni wáyà inú gílóòbù rẹ̀ já. Mo wá gílóòbù kékeré yẹn dé Ọjà Ọba, mo wá a dé Orísunbárẹ́, gbogbo wọn ní àwọn ò tà á mọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo ti ń bọ̀. Ni mo bá tú LED funfun kan, ẹyọ iná wẹ́wẹ́ ìgbàlódé yẹn, lára àtùpà tó ti bàjẹ́. Mo fi àkísà wé gílóòbù àtijọ́, mo fọ́ gíláàsì rẹ̀, mo fi áyọ̀n ìjówáyà jó LED yẹn mọ́ ìdí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, kò tàn. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó tàn yòò bí ọ̀sán gangan. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ ti ń di búlúù. Lọ́jọ́ kẹta ó ń ṣẹ́jú, ó sì kú.

Màmá ní òun ti mọ̀ pé kò ní pẹ́, pé iná tó bá ń fi ojú le báyẹn kì í dàgbà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ajé, 9:20 alẹ́

Rẹsítọ̀ ńkọ́?

Ọmọ_Aláró, Ajé, 9:21 alẹ́

Rẹsítọ̀ wo, ẹ̀gbọ́n?

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ajé, 9:34 alẹ́

Mo ti mọ̀. Jókòó dáadáa.

Bátìrì ńlá kan, fóòtì 1.5, ìyẹn agbára tó fi ń ti iná jáde. Tí o bá to mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ó di 4.5. LED funfun tí o jó sí i, nǹkan bíi 3 sí 3.4 ni agbára rẹ̀ mọ. Gílóòbù àtijọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara ẹni: bí wáyà inú rẹ̀ bá ṣe ń gbóná tó ni yóò ṣe máa dí iná lọ́nà tó, kò ní gbà ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. LED ò ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn. Bí fóòtì bá fi díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ báyìí, ṣe ni yóò lanu sílẹ̀, gbogbo ohun tí bátìrì bá dà sí i ni yóò máa gbé mì títí yóò fi jóná. Búlúù tí o rí lọ́jọ́ kejì yẹn, ikú ló ti ń pè é.

Rẹsítọ̀, ohun kékeré tó ń dín iná kù, ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣirò rẹ̀ ò le: yọ 3.2 kúrò nínú 4.5, ó ku 1.3. LED olórí róbótó kékeré yẹn ń fẹ́ kí iná mílíámpù 20 máa ṣàn gba inú rẹ̀, ìyẹn ámpù 0.02. Fi 0.02 pín 1.3, ó jẹ́ óòmù 65, bí wọ́n ṣe ń wọn rẹsítọ̀ nìyẹn. Wọn ò ní 65 lọ́jà, béèrè 68. Ìlà ara rẹ̀: búlúù, àwọ̀ eérú, dúdú, lẹ́yìn náà góòlù. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó ń tà á gbé búlúù, àwọ̀ eérú, pupa fún ọ o, 6,800 nìyẹn, LED rẹ á kàn máa wò ọ́ bí ológbò inú òkùnkùn.

Nípa pé ó kọ́kọ́ kọ̀: gílóòbù ò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, LED mọ̀ ọ́n. Nínú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, orí bátìrì ló ń kan ìsàlẹ̀ gílóòbù. Nítorí náà, ẹsẹ̀ LED tó gùn ni kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kúrú kó lọ sí ara irin tó yí i ká. Tí o bá ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba, wo etí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fá a pẹlẹbẹ ni ti ìdí bátìrì.

Àrẹ̀mú_Kélébè, Ajé, 9:50 alẹ́

Gbogbo wàhálà yìí nítorí tọ́ọ̀ṣì? Ra tuntun ti Ṣáínà fún màmá, kó o sinmi. Tàbí kí ẹ lọ bẹ ààfin kí wọ́n yá yín ní ojú kan lára àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ajé, 9:52 alẹ́

Epo ni ìyẹn ń mu, kò gba bátìrì.

Ọmọ_Aláró, Ajé, 10:03 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, mo ti ra mẹ́ta tuntun. Àkọ́kọ́ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ìkejì, omi kán sí i. Ìkẹta wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi í wá ìrẹ̀. Màmá ní kò wúwo tó lọ́wọ́ òun, òun ò mọ̀ bóyá òun mú nǹkan dání.

Tísà_Físíìsì, Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ Rìpẹ́rà pé, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un ni.

LED kan ṣoṣo lè má tó màmá. Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́ta. Àmọ́ kí olúkúlùkù ní rẹsítọ̀ 68 tirẹ̀. Ẹ má fi rẹsítọ̀ kan ṣoṣo sọ́nà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. LED ò rí bákan náà délẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ inú ọ̀rá kan náà ni wọ́n ti jáde. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ jù ni yóò máa jẹ tiẹ̀, tí yóò tún máa jẹ ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ kú, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e.

Mẹ́ta, ní 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíámpù 60 nìyẹn. Gílóòbù tí wọ́n sábà ń fi sí oníbátìrì mẹ́ta ń mu tó 300. Ẹ rí i pé bátìrì tí ó ń tán lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ yóò lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bátìrì tí wọn ò bá fipá fà kì í tètè rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀ gidi, ẹ lè lo LED oníwáàtì kan, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù kékeré bí ìràwọ̀. Mílíámpù 350 ni ìyẹn ń fẹ́, rẹsítọ̀ óòmù 3.9 tó lágbára wáàtì kan ló bá a mu.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Tísà, ẹ má kó o sí wàhálà. Oníwáàtì kan yẹn ń gbóná. Ibo ni ooru rẹ̀ fẹ́ gbà nínú tọ́ọ̀ṣì tí abọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ike? Ó sì ń jẹ bátìrì ju gílóòbù àtijọ́ lọ. Ìyá tó fẹ́ wo inú ìkòkò tó wà lẹ́sẹ̀ ara wọn ò nílò iná tó dé Òkè-Fìà.

Tísà_Físíìsì, Ìṣẹ́gun, 7:11 àárọ̀

Mo gbà. Mẹ́ta kéékèèké náà ni kó jẹ́.

Ọdẹ_Àdúgbò, Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Èmi tí mò ń ṣọ́ àdúgbò lóru ńkọ́? Mo ti fi LED sí tèmi, iná rẹ̀ kàn ń fọ́nká síwájú mi ni, kò dé ibì kankan. Ti àtijọ́ máa ń lọ ṣoṣoro dé òpin ọ̀nà, mo lè fi rí ojú ewúrẹ́ láti ilé kẹfà.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ìṣẹ́gun, 1:58 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, bàbá. Abọ́ dídán yẹn lẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wáyà inú gílóòbù ń tànmọ́lẹ̀ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, abọ́ yẹn ló ń kó o jọ tí ó ń jù ú síwájú. Ojú kan pàtó sì wà nínú abọ́ tí wáyà yẹn gbọ́dọ̀ wà kó tó rí bẹ́ẹ̀. LED ń tàn síwájú nìkan, iná rẹ̀ ò tilẹ̀ kan abọ́ kó tó jáde. Nítorí náà, abọ́ di ọ̀ṣọ́ lásán. Ní tiyín, ẹ fi gíláàsì kékeré tó wú láàárín tí wọ́n ṣe fún LED síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ lo LED olórí róbótó tí iná rẹ̀ ti ṣoro láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ti màmá Ọmọ_Aláró, fífọ́nká yẹn gan-an ló dáa fún wọn.

Bọ́láńlé_Òkínní, Ìṣẹ́gun, 8:17 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi ti ní LED tẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì oníke ni, èyí tí eyín ṣájà ń yọ jáde ní ìdí rẹ̀ tí a ó kì bọ sókẹ́ẹ̀tì. Bátìrì dúdú onífóòtì 4 inú rẹ̀ ti kú. Mo ní bátìrì kan tí mo yọ nínú láàpútọ́ọ̀pù tó bàjẹ́, fóòtì 3.7 ni wọ́n kọ sí i. 3.7 àti 4 ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ṣé mo lè kàn pààrọ̀ rẹ̀?

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ìṣẹ́gun, 8:19 alẹ́

RÁRÁ. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ń bọ̀, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ìṣẹ́gun, 8:48 alẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú tọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ wá gbọ́.

Tú u, wo ohun tí wọ́n ń pè ní ṣájà nínú rẹ̀. O ò ní rí tiransifọ́má tí ì bá ya iná ilé sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kàpásítọ̀ kan ni wàá rí, àti dáyóòdù bíi mẹ́rin, ó tán. Nǹkan méjì ló ti ibẹ̀ yọ. Èkíní, nígbà tí o bá kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì, gbogbo wáyà inú rẹ̀ ló ń bá iná ilé rìn ní tààrà. Tí ike rẹ̀ bá là, tí o sì fọwọ́ kan inú rẹ̀, bí ẹni fọwọ́ kan wáyà ara ògiri ni. Ó ti gbá mi rí, ọwọ́ òsì mi ò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí.

Èkejì, ṣájà yẹn ò mọ ìgbà tí bátìrì yó. Bátìrì dúdú onífóòtì 4 máa ń fara dà á, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kú. Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù, lítíọ́ọ̀mù ni. Tó bá ti dé 4.2, ó ti yó. Tí o bá ń ti oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu kọjá ibẹ̀, yóò wú, yóò gbóná, yóò sì gbiná, omi kì í sì í tètè pa á. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi rí tó ti jó ihò sí ara tábìlì. Orí ló kó ẹni tó ni ín yọ, ó wà ní balùwẹ̀.

Tí o bá ta kú pé lítíọ́ọ̀mù lo fẹ́: yọ bọ́ọ̀dù ṣájà yẹn dànù, yọ eyín tó ń wọ sókẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kì í bọ̀ ọ́. Ra bọ́ọ̀dù ṣájà kékeré tí wọ́n ń pè ní TP4056, kó jẹ́ èyí tó ní ojú mẹ́rin lẹ́yìn: B+ àti B- lọ sí bátìrì, OUT+ àti OUT- lọ sí iná. Èyí tó ní OUT ló ní ààbò lára, tí kò ní jẹ́ kí bátìrì gbẹ kọjá ààlà. Ṣájà fóònù lo máa fi ṣájì rẹ̀. Má jó wáyà mọ́ ara bátìrì ní tààrà, ooru áyọ̀n ń pa á. Lo ilé bátìrì onísípíríǹgì. Tí o bá sì fi mítà wò ó tó jẹ́ pé fóòtì rẹ̀ ò tó 2.5, má jí òkú.

Bọ́láńlé_Òkínní, Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Mo ti gbé e sórí àjà.

Ọmọ_Aláró, Àbámẹ́ta, 7:45 alẹ́

Ẹ kú àtijọ́. Ìròyìn dé, ó dùn, ó sì korò.

Mo ṣe é. Mo gé bọ́ọ̀dù oníhò bí owó ẹyọ, mo to LED mẹ́ta sórí rẹ̀, rẹsítọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo jó wáyà méjì sí ìdí gílóòbù àtijọ́ kó lè máa wé mọ́ àyè rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Mo fi fáìlì fẹ ihò abọ́ díẹ̀. Ó tàn, kò gbóná, ọjọ́ mẹ́rin rèé, kò yí padà.

Ṣùgbọ́n àná ni màmá ba aṣọ méjì jẹ́. Oníbàárà fẹ́ aró tó mọ níwọ̀n, kí àwọ̀ rẹ̀ má dú jù. Wọ́n rì í, wọ́n fà á jáde, wọ́n tan iná sí i, wọ́n ní kò tíì gbà. Wọ́n tún rì í. Kò tíì gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ ti dú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Màmá bá sọ pé: "Iná rẹ ń parọ́ fún mi." Wọ́n dá tọ́ọ̀ṣì padà fún mi, wọ́n tan fìtílà.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ, Àbámẹ́ta, 8:10 alẹ́

Ọmọ mi, ìyá rẹ ò parọ́. Ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí wọ́n gbé iná funfun sí àgbàlá wa, gbogbo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn dú ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ aró, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Aṣọ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ẹlú kì í rí búlúù. Ó máa ń fara jọ ewé tó fẹ́ pọ́n ni, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kí atẹ́gùn kàn án kó tó dájọ́, ó ti ṣìṣe. Ìyá rẹ mọ ìyẹn, kò sí àní-àní. Ohun tó yí padà ni ojú iná. Lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, aṣọ tó ti gba aró dáadáa máa ń fẹ́ dúdú. Lábẹ́ funfun yìí, búlúù ló ń tàn yànrànyànràn, bí ẹni pé kò tíì mu aró rárá.

Tísà_Físíìsì, Àbámẹ́ta, 8:41 alẹ́

Ìyá, ẹ ti sọ físíìsì láìfi ṣóòkì kan ògiri.

LED funfun, ní ti gidi, búlúù ni. Ìyẹ̀fun yẹ́lò kan ni wọ́n fi bò ó lórí, búlúù tó bá yọ àti yẹ́lò tó bá jáde ló ń para pọ̀ di funfun lójú wa. LED pupa ti wà láti 1962, ti búlúù ló le ṣe. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí sí Jàpáánù ló rí i ṣe, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014. Iná gílóòbù àtijọ́ ní tirẹ̀ kún fún pupa àti yẹ́lò, búlúù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Aṣọ aró, búlúù nìkan ló mọ̀ ọ́n dá padà. Tí iná ò bá fún un ní búlúù, kí ni yóò dá padà? Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dúdú. Iná tuntun fún un ní búlúù rẹpẹtẹ, ó sì ń tàn.

Àrẹ̀mú_Kélébè, Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iná tuntun ló sún mọ́ ti ọ̀sán. Èyí àtijọ́ ló ń parọ́ láti ọjọ́ yìí. Kí màmá fi ojú wọn kọ́ ọ.

Ọmọ_Aláró, Àbámẹ́ta, 8:57 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ, Àbámẹ́ta, 9:06 alẹ́

Àrẹ̀mú, ogójì ọdún ni ojú fi ń kọ́ aró. Irọ́ tí èèyàn mọ̀ dunjú sàn ju òótọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣé kò sí LED yẹ́lò ni?

Tísà_Físíìsì, Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Ó wà, ìyá. Irú tó máa ń mú yàrá rí bí ìgbà tí wọ́n tan fìtílà sí i. Lára páálí rẹ̀ wọ́n máa ń kọ 2700K tàbí 3000K. Funfun tó ń fa wàhálà yìí sábà máa ń jẹ́ 6500K. Kì í ṣe LED yẹ́lò tí wọ́n ń fi sí ara rédíò o, ìyẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n rí àwọ̀ kankan.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Àbámẹ́ta, 9:31 alẹ́

Kó o má baà tú gílóòbù ilé tán kó o wá sunkún: ọ̀pọ̀ LED inú gílóòbù ilé, ẹyọ kan ti kó bíi mẹ́ta sínú, fóòtì 9 ló ń fẹ́. 4.5 rẹ ò ní jí i. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi iná sí àjà P.O.P., kó o ní kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́kù lára iná onífóòtì 12 fún ọ, èyí tó rí bí tẹ́ẹ̀pù. Sọ pé "wọ́ọ̀mù" lo fẹ́. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ lára rẹ̀. Yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, fóòtì bíi 3 ni ẹyọ kan ń gbà. Rẹsítọ̀ 68 rẹ ò yí padà.

Ọmọ_Aláró, Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláìyá. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ilẹ̀ ni àwọn fẹ́ gbá a sí. Wọ́n kéré bí ìrẹsì, mo jó ìka mi méjì kí n tó yọ mẹ́ta láìbàjẹ́. Mo fi wọ́n rọ́pò àwọn funfun.

Òwúrọ̀ yìí ni màmá lò ó. Wọ́n lọ mú gèlè kan tí wọ́n ti rẹ látọdún yìí, tí wọ́n mọ bí aró rẹ̀ ṣe tó. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n tan fìtílà sí i, wọ́n pa fìtílà, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá rì aṣọ oníbàárà yẹn, wọ́n fà á, wọ́n dúró kí atẹ́gùn kàn án, wọ́n tan iná sí i. Wọ́n ní "ó ti gbà." Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, mo ń wo aṣọ náà lórí okùn. Bó ṣe yẹ kó rí ló rí.

Wọ́n ní súwíìṣì rẹ̀ ń yọ àwọn lẹ́nu díẹ̀.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ọjọ́bọ̀, 6:33 àárọ̀

Ìpẹtà ni. Tú u, fi yanrìn pépà ha irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ títí yóò fi dán, ha ibi tí ìdérí ti ń wé mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Má gbàgbé sípíríǹgì.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ, Ọjọ́bọ̀, 7:02 àárọ̀

Mo ní oníbátìrì méjì kan nílé. Bá mi ṣe tèmi náà.

Rìpẹ́rà_Orísunbárẹ́, Ọjọ́bọ̀, 7:10 àárọ̀

Oníbátìrì méjì, fóòtì 3 péré nìyẹn, ìyá. Yóò tàn nígbà tí bátìrì bá ṣì jẹ́ tuntun, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ẹ jẹ́ kí Ọmọ_Aláró wá ara oníbátìrì mẹ́ta fún yín.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ, Ọjọ́bọ̀, 7:14 àárọ̀

Ó dáa. Ọmọ mi, kí màmá rẹ fún mi. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá wo gèlè yẹn.